Dírágónì àbí Ìlú Abẹ́ Òkun: Iyàn Tí Mo Jà Níbi Fídáù Múfù

Wọ́n pè mí ní aláìláàánú lónìí, níbi fídáù Múfù, ọ̀rẹ́ mi.

Pálọ̀ ilé wọn ní Òkè-Ogbó lèmi àti Múfù ti máa ń jiyàn lórí ìwé ìtàn onídán méjì. Ti dírágónì, ejò ńlá abìyẹ́ tó ń tu iná lẹ́nu, ni tèmi. Ti ìlú abẹ́ òkun ni tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì rí.

Nígbà tí àwọn ààfáà ṣàdúrà tán, tí a ń jẹ sàráà, ìyá rẹ̀ pè mí.

"Ariwo tẹ́ ẹ máa ń pa yẹn, ta ló jàre gan-an?"

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n sọ.

"Èmi ni, Màmá. Ti dírágónì ló dára jù."

Kúnlé, ọ̀rẹ́ wa, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Aláìláàánú! O ò lè gbà fún òkú?"

Ìyá Múfù rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀. Ká ní ó gbà ni, irọ́ ni ì bá pa fún mi. Ó yá, kí ni Múfù ì bá fi dá ẹ lóhùn?"

Mo bá ń gbèjà ìwé tí mi ò fẹ́ràn. Mo ní dírágónì ò mọ̀ ju kó dáná sunlé lọ; àwọn ará abẹ́ òkun lèèyàn ń sunkún fún. Mo dé ibi tí Múfù ti máa ń bú mi.

Ìyá rẹ̀ ló bá mi parí ẹ̀: "Ọmọ oko, ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ níwèé?"

Àwa méjèèjì bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka méjèèjì, èwo ló dára jù? Ẹ má ṣàánú mi gbà fún mi o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jiyàn.