Abọ́ Tánganran Tí A Gbé Lọ sí Yunifásítì

Ariwo ọkọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Wọ́n de gbohùngbohùn mọ́ ọn lórí, ó ń rá bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín Ọjà Ńlá Bouaké, níbi tí kẹ̀kẹ́ pàápàá kì í ti í rọ́nà kọjá, àwọn alátẹ sì ń bú awakọ̀ rẹ̀ ní Díúlà, ní Baoulé àti ní Yorùbá, kí ó lè mú èyí tó bá yé e. Ohùn ọkùnrin kan ń jáde láti inú rẹ̀ pé yunifásítì ìlú wa ń ṣe ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ, pé kí tọmọdé tàgbà wá, pé eré orí ìtàgé wà, sinimá wà, àsọyé wà, wọn yóò sì máa yẹ ojú àwọn ènìyàn wò. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, àfi oúnjẹ tí wọn yóò máa tà ní owó pọ́ọ́kú. "Gíràtúì! Gíràtúì!" ni ó ń pariwo. Bàbá mi, tó jókòó sáàárín abọ́ tánganran tó ń tà, wo ọkọ̀ náà títí ó fi kọjá, ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ta ló ni ìnáwó yẹn?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ni ín, yunifásítì ni. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Lójú tirẹ̀, ìnáwó kì í ná ara rẹ̀. Ẹnì kan ní láti wà níbẹ̀ tí a ó kí kú ìnáwó, tí a ó ṣàdúrà fún, tí a ó sì fún ní nǹkan kí a tó fọwọ́ kan ohun tó sè. Ìnáwó tí kò ní ẹni tí a ń kí, ó ní ẹ̀tàn ni, kí n má sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú mi wò kí wọ́n má baà mú un lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nígbà náà. Mo ti yege nínú bàkì, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama níbí, mo sì fẹ́ wọ yunifásítì. Bàbá mi ní kí n wá jókòó ti òun ní ìsọ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra ìwé. Àkókò ló le. Wọ́n ti já iye sẹ́fà, owó tí a ń ná níbí, sílẹ̀, ẹni tó ń ra abọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti ń ra ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àjòjì, sì ti gba ẹnu gbogbo ènìyàn láti orí rédíò dé ìdí àtẹ. N'Gattakro, àdúgbò kan ní Bouaké, ni wọ́n bí mi sí, mo sì gbọ́ Baoulé dáadáa, ṣùgbọ́n Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbí, ni wọ́n ń pè mí. Bàbá mi a ní, "Bí o bá kàwé náà tán, iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ fún Anago?"

Ìdí mìíràn tún wà. Òun àti ìyá mi ti ní ìsọ̀ ńlá kan ní Gánà rí, kí wọ́n tó bí mi. Ọjọ́ tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àjòjì máa lọ, wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀ tòun tọjà inú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí a bá fẹ́ rà sílé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá mi máa ń bi wá: "Ṣé a ó lè gbé e sá?" Bí a ṣe pàdánù kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn, tí a pàdánù bẹ́ẹ̀dì onírin tó dára, tí aṣọ wa fi wà nínú àpótí títí mo fi dàgbà. Ìwọ wo yunifásítì pẹ̀lú gbogbo ilé rẹ̀. Ta ni yóò gbé e?

Ìyá mi ló ta ọgbọ́n. Ó ní kí n yéé bá bàbá mi jiyàn, ó ní kí n jẹ́ kí ojú ara rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá rí àwọn ọmọ ènìyàn tí wọ́n jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ń kàwé, inú rẹ̀ á yọ́. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í pòwe ojú. Bí bàbá mi bá ti na owó jìnnà sí ojú rẹ̀ kí ó tó mọ iye tó jẹ́, n ó ní, "Ẹ ò rí i, Bàbá, wọ́n ń yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́." Ó pọ́n mi lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà. Ó ní a ó lọ, ṣùgbọ́n a kò ní lọ bí olè. "Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́," ni ó wí. Bí àwọn èèyàn wa ṣe ń lọ sí òde ìnáwó ni a ó ṣe lọ.

Èmi ti yá ṣòkòtò jíìnsì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, nítorí mo rò pé bí mo bá ti fara jọ akẹ́kọ̀ọ́, mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Bàbá mi rí i, ó ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kí n lọ bọ́ ọ. Aṣọ òfì ìyá mi ni mo wọ̀, pẹ̀lú gèlè tó ga ju mí lọ. Nígbà tí mo jáde síta, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa, tó wà ládùúgbò ti kún inú gbàkà, ọkọ̀ èrò tí bàbá mi háyà. Àfáà wa wà níwájú. Àwọn ìyá gbé abọ́ tánganran ńláńlá tó ní òdòdó pupa nínú sórí itan, obì kún ọ̀kan, iṣu kún òmíràn.

Àwọn agbófinró dá wa dúró ní oríta. Bàbá mi ti mọ àṣà wọn: ó ti kó kàátì ìgbélùú gbogbo wa sínú abọ́ kan, ó sì gbé e fún wọn bí ẹni gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àlejò. Ọ̀gá wọn wo kàátì, ó wo obì, ó wo àwọn ìyá, ó wo gèlè mi. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé ọkọ tù mí lára. Mo fẹ́ dá a lóhùn, ìyá mi fún mi ní ìgbúnwọ́. Ó ní kí n dákẹ́, àdúrà kì í pọ̀ jù.

Ní ẹnu géètì, bàbá mi bi ọlọ́dẹ léèrè ní Díúlà pé ta ló ni ìnáwó. Ọlọ́dẹ ronú. Ó ní bóyá ọ̀gá àgbà, ó wà ní gbọ̀ngàn àsọyé lọ́hùn-ún. Bí a ṣe wọlé nìyẹn, àfáà níwájú, abọ́ lórí àwọn ìyá, èmi láàárín, nígbà tí olùkọ́ kan ń ṣàlàyé bí kòkòrò ṣe ń ba iṣu jẹ nínú abà. Ó rí wa, ó pa ẹnu dé. Gbogbo gbọ̀ngàn yí ojú padà. Mo gbọ́ ọmọkùnrin kan lẹ́yìn tó ní, "Yé è! Wọ́n gbé ìyàwó wá fún ọ̀gá!" Ẹ̀rín bú. Ìyàwó ọ̀gá náà, tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, rọra yí ọrùn, ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Ọmọ Baoulé ni ọ̀gá àgbà, ó sì mọ àṣà ilé rẹ̀. Kò bi wá ní nǹkan kan. Ó ní kí àwọn olùkọ́ dìde fún àwọn àgbà wa ní àga iwájú. Ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í bi àlejò léèrè ohun tó bá wá títí yóò fi jókòó, tí yóò sì mu omi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mu omi tán, ó di dandan kí ó ròyìn. A mu omi. Ọ̀gá àgbà wá bi bàbá mi ní Díúlà, èdè tí gbogbo ìlú fi ń nájà, pé kí ni ìròyìn.

"Àlàáfíà ni," ni bàbá mi wí. "A gbọ́ pé ẹ ń ṣe ìnáwó, a wá kí yín."

Ọ̀gá àgbà dúpẹ́ gidigidi. Ó ní, "Bàbá, ìyẹn ni ìròyìn ẹnu ọ̀nà. Kí ni ìròyìn ti inú ilé?"

Kò sí ìròyìn inú ilé. Ojú nìkan ni a wá fún, ṣùgbọ́n àgbà wo ni yóò kó gbogbo ará ìlú rẹ̀, àfáà àti obì wá síwájú ọ̀gá, tí yóò mu omi rẹ̀ tán, tí yóò wá ní òun kàn wá wòran ni? Àfáà wúkọ́. Bàbá mi wo abọ́, ó wo òrùlé, ojú rẹ̀ wá bọ́ sára mi.

"Ọmọbìnrin yìí ni," ni ó wí. "Òun ni a mú wá fún yín."

Gbọ̀ngàn dàrú. Ìyàwó ọ̀gá dìde dúró. Ilẹ̀ kò lanu kí n kó sí i. Bàbá mi, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pariwo sí, gbé ọwọ́ sókè, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ní, "Kí ẹ kọ́ ọ ní ìwé. Wọ́n ti lé mi kúrò níbi kan rí, mo fi gbogbo ohun tí mo ní sílẹ̀. N kò mọ̀ bóyá wọ́n á tún lé wa níbí. Ẹ bá mi di ẹrù rẹ̀ sí orí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè gbà á."

Ariwo náà rọlẹ̀. N kò mọ ibi tí bàbá mi ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, òun náà kò mọ̀. Ìgbà tó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ ẹni tí ara tù, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá yan abọ́ tó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní àwọn ti gbà mí. Àfáà ṣàdúrà fún yunifásítì náà pé yóò bí ọmọ tuntun, yóò sì jèrè ọjà rẹ̀, gbogbo wa sì ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ ojú bàbá mi wò lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fún ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní abọ́ kan.

Nínú gbàkà tí a bá padà, bàbá mi dà bí ẹni tí wọ́n ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìnákúnàá. Nígbà tí a dé N'Gattakro ni ó tó ní, "Ìwọ lo kó mi sí i." Ìyá mi ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá mi kò sì gbìyànjú láti kó o. Ó sanwó ilé-ẹ̀kọ́ mi pẹ̀lú ìkùnsínú títí mo fi jáde, gbogbo ọdún náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì fi ń pè mí ní Ìyàwó Ọ̀gá.

Ogun dé lẹ́yìn náà. A sá kúrò ní Bouaké, wọ́n kó ìsọ̀ bàbá mi títí kan abọ́ tó ti jò. Ọ̀nà Gánà, ìlú tó ti lé e nígbà kan, náà ni a gbà. Ní bọ́dà, ó wo ọwọ́ mi tó ṣófo, ó ní, "Ìwọ, kí ni o gbé?" Mo fọwọ́ kan orí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti kúrò nílé.

A ti padà sí Bouaké báyìí, yunifásítì yẹn náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Bàbá mi ti dàgbà púpọ̀. Nígbà tí a ṣe ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ tó kọjá, wọ́n wá pè mí láti inú gbọ̀ngàn pé bàbá arúgbó kan wà ní géètì, ó gbé abọ́ tánganran dání, kò sì gbà kí wọ́n bá òun gbé e. Mo sáré jáde. Ọlọ́dẹ, ọmọ kékeré tí kò mọ̀ wá rí, ń ṣàlàyé fún un pé kò pọn dandan kó mú nǹkan wá, ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ni ín.

"Irọ́ ni," ni bàbá mi wí. "Ọmọ mi ló ni ìnáwó." Mo kúnlẹ̀, mo sì gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.