Omi Mímọ́ Ìyá Wa

Nígbàkigbà tí mo bá tan kọ̀ǹpútà oníbàárà kan, tí fáànù inú rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan tí ó sì dákẹ́, ọkàn mi a padà sí ọ̀sán kan nílé wa ní Idigny.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fúnra rẹ̀ to kọ̀ǹpútà kan. Bàbá jókòó tì í, òórùn ewé àgbàdo wà lára aṣọ oko rẹ̀.

"Tí ó bá tàn, máa lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ ní Kútọnu. Tí kò bá tàn, ọ̀la ni o ń bá mi lọ sí oko."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí, ó dákẹ́. Ó tú wáyà, ó tún fi í síbẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Òógùn ń kán nímú rẹ̀.

"Àbí ó ń sùn ni?" Bàbá bi í.

Ìyá rọra sọ fún mi pé, "Má bẹ̀rù. Mo ti wọ́n omi mímọ́ sí inú rẹ̀ láàárọ̀, bí a ti ń ṣe sí ohun tuntun gbogbo."

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú àpótí náà, ó wò ó pẹ́, ó sì fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu nǹkan kan níbẹ̀. Mo rò pé eruku ni.

"Ẹ̀yà tí mo rà ni kò dára, Bàbá," ó wí. "Ẹ̀bi mi ni."

Ọjọ́ kejì ni ó bá Bàbá lọ sí oko. Iṣẹ́ tí ó fi owó oko rán mi lọ kọ́ ni mo ń ṣe báyìí, mo sì mọ ohun tí omi ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá ní kí a ṣáà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ tì í, ó sì ṣe Àmín tí gbogbo wa gbọ́.