Ẹsẹ̀ Òsì Apọ́nbẹ

Ní ìlú Fuentelgar, bí fèrè apọ́nbẹ, ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ kiri àdúgbò, bá dún, ojú ọjọ́ gbọ́dọ̀ yí padà. Ohun tí àwọn ìyá ìyá wọn sọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bá wọn jiyàn. Bó bá dún nígbà òtútù, òjò ń bọ̀. Bó bá dún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, atẹ́gùn ń bọ̀, kí àwọn obìnrin yáa lọ kó aṣọ tí wọ́n sá. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí à ń wí yìí, Secundino apọ́nbẹ fọn fèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje títí ètè rẹ̀ fi bó, ewé igi olífì kan ṣoṣo kò mì. Oòrùn jókòó sórí ìlú, kò lọ, kò bọ̀. Àwọn ajá kò gbó àlejò mọ́, wọ́n kàn ń wò ó ni.

"Secundino!" Visitación alápatà á ké láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Fèrè yẹn ti bàjẹ́ o! Gbé e fún ẹlòmíràn kó bá ọ fọn ọ́n!"

"Kò sóhun tó ṣe fèrè," Secundino á dáhùn. "Ìlú yín ni Ọlọ́run gbàgbé."

Ìlú yín! Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti lò níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ ló sin ín sí, ibẹ̀ ló bí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sí. Síbẹ̀, bí olífì bá so dáadáa, ìlú wa ni. Bí ooru bá mú, ó di ìlú yín. Òkè Ourense lọ́hùn-ún ló ti wá, níbi tí ènìyàn ti ń fi kúbùsù bora kódà nínú ooru oṣù kẹjọ.

Apọ́nbẹ ni bàbá rẹ̀, apọ́nbẹ ni bàbá bàbá rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ onígi làwọn yẹn ń tì kiri, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́ kí òkúta ìpọ́nbẹ tó lè yí. Secundino lajú jù wọ́n lọ, ó ra alùpùpù. Ó de òkúta mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bó bá dé àdúgbò kan, á gbé alùpùpù sórí irin ìdúró rẹ̀, á jókòó lórí ìjókòó rẹ̀ kan náà, á kọjú sẹ́yìn síbi òkúta, ẹ́ńjìnnì á sì máa bá a yí i. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà.

Ẹni tó bá gun alùpùpù rí nínú ooru mọ̀ pé lójú ìrìn kọ́ ni ìyà wà. Bó bá ń sáré, atẹ́gùn ń gbé ooru lọ. Ìgbà tó bá dúró ni ooru ẹ́ńjìnnì máa ń rántí ẹni tó gùn ún, tí á bẹ̀rẹ̀ láti kókósẹ̀, á gba ojúgun, á gba itan, títí dé ibi tí àgbàlagbà kì í dárúkọ lójú ọmọdé. Ìdúró sì ni gbogbo iṣẹ́ Secundino. Sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde wà lápá ọ̀tún alùpùpù. Bó bá ń lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń yan. Bó bá dúró tó kọjú sẹ́yìn láti pọ́n ọ̀bẹ, ó di ti ẹsẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ òsì ló sì ń jẹ ìyà jù, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí bàbá rẹ̀ sọ fún un kó tó kúrò lókè.

"Ọmọ," bàbá náà wí, "òkúta apọ́nbẹ kì í dúró láàárín àdúgbò. Bó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, máa yí i lọ títí wàá fi kúrò níbẹ̀."

Nítorí náà, Secundino kì í pa ẹ́ńjìnnì. Bí obìnrin kan bá wọlé lọ wá sísọ́ọ̀sì tí kò rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀ ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń jẹ búrẹ́dì àti olífì rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Iná ń jó, ògiri ò sá. Ọdún mọ́kànlélógójì!

Nípẹ̀kun oṣù keje, sàlẹ́ńsà jó o lẹ́yìn ojúgun òsì. Ó lé ròrò tó tó ẹyin ẹyẹlé. Áurea ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú náà, fọ egbò, ó fi oògùn sí i, ó dì í, kò sọ nǹkan kan. Bí ìyá Áurea náà ṣe máa ń dákẹ́ nìyẹn kí òjò ọ̀rọ̀ tó dé.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó nìyí lọ́dún yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o: bí mo bá tún rí ìléròrò kan lẹ́sẹ̀ yín kó tó di ọjọ́ àjọ̀dún Màríà Wúńdíá láàárín oṣù kẹjọ, kọ́kọ́rọ́ alùpùpù yẹn ti di tèmi. Onírin àlòkù ni màá gbé e fún."

"Ṣé èmi kọ́ ni mo bí ọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò bí ẹsẹ̀ mìíràn sílẹ̀."

Secundino gbọ́wọ́ sókè, ó búra pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé Visitación alápatà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. "Mo gbọ́ o," ló wí. "Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ." Ohun tí Visitación bá sì fi etí méjèèjì gbọ́, ìlú ti gbọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ̀rù ba Secundino gidi. Ó mọ ibi tí wọ́n ń kó arúgbó tí kò níṣẹ́ sí. Abẹ́ igi ọsàn ní gbàgede ìlú ni, níbi táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń jiyàn bóyá àná gbóná ju òní lọ. Ó máa ń kí wọn bó bá ń kọjá, kì í dúró. Bí kò bá sí alùpùpù, yóò dúró.

Kò sì lè sinmi títí àjọ̀dún á fi kọjá, torí àsìkò yẹn gan-an ni gbogbo ilé ń pọ́n ọ̀bẹ. Ti Visitación nìkan jẹ́ ọgbọ̀n. Ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ọ̀gbẹ́ni wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n dá.

Ó kọ́kọ́ rẹ táwẹ́ẹ̀lì sínú omi àti fínígà, ó wé e mọ́ ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí omi inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń yan tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá ń bọ̀ ọ́. Ó tú u dànù.

Ó lọ bá ẹni tó ń bó èèpo igi tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò wáìnì, ó gba abala kan tó tẹ̀ kọdọrọ, ó fi okùn dè é mọ́ ojúgun lábẹ́ ṣòkòtò. Èyí dáa! Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń rìn káàkiri bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè. Lọ́jọ́ kẹta, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń wo ìta láti ojú fèrèsé òkè kò béèrè nǹkan kan. Ó da omi ìfọṣọ bàsíà kan lé e lórí, ó sì ti fèrèsé. Secundino jẹ́wọ́ fáwọn èèyàn lẹ́yìn náà pé ìtura kan ṣoṣo tóun rí lóṣù yẹn nìyẹn.

Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ló wá sọ fún un nípa kábéèjì. Ó ní ewé kábéèjì ń fa ooru mu, pé àwọn tó ń kórè àlìkámà láyé bàbá òun, inú fìlà ni wọ́n ń fi í sí. Secundino ra odidi kan. Ó já ewé mẹ́jọ, ó tò ó yí ẹsẹ̀ òsì ká, ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dì í, ó fa ṣòkòtò lé e.

Ó ku ọjọ́ méjì kí àjọ̀dún pé. Ó gúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù Visitación lọ́sàn-án, oòrùn ń ta yóò. Ó pọ́n ọ̀bẹ mẹ́rin, ewé tutù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó ń kọrin. Ó pọ́n ìkeje tán, Visitación wọlé lọ wá ìkẹjọ, ẹ́ńjìnnì ń dún lọ. Ìgbà náà ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúgbò.

"Ta ló ń se kábéèjì nínú ooru yìí?" obìnrin kan béèrè láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Kì í ṣe ilé wa o," aládùúgbò rẹ̀ dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó ti jinná, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ajá oníbúrẹ́dì, tí kò dìde láti ọ̀sẹ̀ méjì, dìde. Ó rọra rìn wá, ó gbóòórùn bàtà òsì Secundino, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá a.

"Kúrò níbí!" Secundino wí láàárín eyín.

Visitación jáde tòun tọ̀bẹ. Ó fimú fa atẹ́gùn, ó wo ajá, ó wo ẹsẹ̀. "Secundino," ló wí, "àbí ìwọ lò ń jinná?"

Ẹ̀rín bú! Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ mú iyọ̀ wá. Ẹlòmíràn ní ó ku kí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀ sí i. Secundino pàápàá ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ń ta á lábẹ́ ewé láti ìgbà díẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè báyìí ló rí Áurea tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé wá jẹun.

"Bàbá, ẹ ká ṣòkòtò yẹn sókè."

"Lójú gbogbo èèyàn?"

"Lójú gbogbo èèyàn."

Ó ká a. Okùn já. Ewé kábéèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ajá gbé ọ̀kan, ó sá lọ. Nígbà tí ìkẹjọ bọ́ sílẹ̀, ìléròrò kan hàn níbẹ̀. Kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ṣùgbọ́n ìléròrò ni.

Áurea na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

"Ẹyọ ẹ̀wà kan, Áurea. Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Bàbá, ó tó ìṣẹ́jú mélòó tí ẹ ò ti ní ọ̀bẹ kankan lọ́wọ́, tí nǹkan yẹn ń sun yín? Kí ló dé tí ẹ kì í pa á?"

Ọ̀rọ̀ yìí, Secundino kò sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni rí. Ó sọ ọ́ wàyí: ohun tí bàbá òun fi lé òun lọ́wọ́ kóun tó kúrò nílé ni pé òkúta kì í dúró láàárín àdúgbò. Òun kò ní ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀, òun kò ní ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn lòun ní.

"Kí ló dé tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló ń bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé?"

"Èmi," Áurea wí. Ó fa fóònù yọ, ó pe Hermitas, ẹ̀gbọ́n Secundino obìnrin, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, lókè Ourense. Ó gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ìyá àgbà, Áurea ni! Mo fẹ́ bi yín nípa òkúta bàbá àgbà!"

"Kí lò ń sọ? Kí ló ń pariwo níbẹ̀ yẹn? Mi ò gbọ́ nǹkan kan! Secundino, pa nǹkan yẹn jàre!"

Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Secundino nawọ́ sẹ́yìn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì kú. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Fèrèsé mẹ́ta ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan sì ké láti òkè pé, "Yéè! Apọ́nbẹ ti kú!"

"Mi ò kú!" Secundino dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, òkúta Bàbá. Ṣé ẹ rántí pé wọn kì í jẹ́ kó dúró?"

"Ó ṣe máa dúró? Orúnkún wọn ńkọ́?"

"Orúnkún wo?"

"Èyí tí ìbaaka ta nípàá ní ọdún tí mo lọ sílé ọkọ. Ti òsì ni. Bí kẹ̀kẹ́ yẹn bá ti dúró pẹ́nrẹ́n, kí wọ́n tó tún tẹ̀ ẹ́ kó yí, omijé ni. Tó bá ṣáà ti ń yí, ó ń gbé ara rẹ̀ lọ. Alaalẹ́ ni Ìyá wa ń fi òróró pa á fún wọn. Ìwọ kéré nígbà yẹn, o ti máa ń sùn. Kí lẹ ń béèrè fún?"

"Kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n. Ó dàárọ̀."

"Ọ̀sán ni o," Hermitas wí, ó sì pa fóònù.

Secundino wo orúnkún òsì, ó wo ti ọ̀tún. "Ọdún mọ́kànlélógójì," ló wí. "Orúnkún kò dùn mí rí láyé mi."

Visitación ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fara ti ilẹ̀kùn. Áurea tẹ̀ lé e, gbogbo àdúgbò sì gbà á. Secundino náà rín tirẹ̀, omi dà lójú rẹ̀. Nígbà tó nù ún tán, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, torí ìbúra ni ìbúra.

"Yéè!" Áurea ń sọ kọ́kọ́rọ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì. "Ó gbóná!"

"Ìwọ náà wá rí i."

"Ọmọ mi," Visitación wí, "ọ̀bẹ mi ku mẹ́tàlélógún. Yá mi ní kọ́kọ́rọ́ yẹn. Èmi ni màá máa tan án bí ọ̀bẹ bá wà lórí òkúta, èmi ni màá máa pa á bí kò bá sí. Bó bá jiyàn, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi."

Áurea wo bàbá rẹ̀ títí. Ó fún Visitación ní kọ́kọ́rọ́ náà.

Visitación gbé àga síta fún Secundino lábẹ́ ìbòòji, ó ní kó jókòó kí irin náà tutù díẹ̀. Ó jókòó. Atẹ́gùn kò fẹ́. Ó fọwọ́ lé orúnkún òsì, ó ń pa á jẹ́jẹ́, bí ẹni tí òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ń dun Bàbá," ló wí. "Wọn ò sọ fún mi."

"Dìde ńbẹ̀," Visitación wí pẹ̀lẹ́, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ alùpùpù. Secundino dìde, ó fi ẹsẹ̀ òsì dúró gírígírí, ó fi ti ọ̀tún ta irin tí wọ́n fi ń tan alùpùpù lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn.