Bútà Inú Igbó Ìjọba

Ẹni tó bá gbọ́ pé èmi ni mo ń ṣọ́ igbó ìjọba tó wà lẹ́yìn Ìlọrin yóò rò pé ìbọn ni mo gbé kọ́rùn. Ìbọn kẹ̀? Fèrè ni wọ́n fún mi. Fèrè, kákí kan tó gba èmi àti ẹlòmíràn, àti bàtà méjì tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àwọn ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì ní bí mo bá ti rí ẹni tó ń gé igi, kí n fun fèrè. Mo bi wọ́n pé bí mo bá fun ún tán, tí ẹni náà kò dúró ńkọ́? Wọ́n ní kí n tún un fun.

Ìwé tí mo kà kò ju prámárì fáìfù lọ. Kì í ṣe pé n kò lọ́pọlọ. Tíṣà wa ló ní kí n lọ sinmi nílé, kí òun náà lè sinmi. Àmọ́ ènìyàn kò nílò ìwé kó tó mọ ohun tí igbó yẹn ń ṣe fún wa. Inú rẹ̀ ni odò kékeré tí abúlé wa ń pọn ti ń sun. Inú rẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ṣa èso tí wọ́n fi ń ṣe òrí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, igbó náà ki débi pé oòrùn a máa kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo rí ejò kan níbẹ̀ tó gùn débi pé bí orí rẹ̀ bá jí láàárọ̀, ìrù rẹ̀ á ṣì wà lójú oorun títí di ìrun ọ̀sán. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ejò náà.

Àwọn eléèédú ló fẹ́ sọ ọ́ di pápá. Tẹ́lẹ̀, àdá ni wọ́n ń gbé wá, ó sì máa ń rẹ̀ wọ́n. Nísinsìnyí, ẹ́ńjìnnì ìrẹ́gi ni. Igi ayìn tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi, ẹ́ńjìnnì yẹn á kígbe mọ́ ọn, kí o tó mu gààrí tán, ó ti dùbúlẹ̀. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á sun ún, ó di èédú, ó di Ìlọrin. Gáàsì ti wọ́n. Àwọn ìyálé àdúgbò Adéwọlé tó ń fi gáàsì ṣakọ sí wa lánàá ti padà sídìí èédú, wọ́n ń fẹ́ná.

Olórí àwọn eléèédú jẹ́ ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan. Bí mo bá fun fèrè, ijó ni yóò fi dá mi lóhùn.

“Ẹ túbọ̀ fun ún, Bàbá! Ó ń wọ̀ mí lára!”

Mo lọ sílé, mo ronú. Ọmọ Ìlọrin ni mí, mo mọ ohun tí ará ilé mi ń bẹ̀rù. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe kóòtù. Àlùjọ̀nnú ni. Àlùjọ̀nnú náà sì pín sí oríṣi méjì. Èyí tó jẹ́ kèfèrí, àfáà lè fi àdúà lé e. Àmọ́ èyí tó jẹ́ mùsùlùmí, tó ń kírun lásìkò, àdúà wo lo fẹ́ fi lé e? Ó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ.

Mo bá gba Ọjà-Ọba lọ, mo ra bútà, àwọn kẹ́tùlù oníke tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹni tó tà á bi mí pé, “Bàbá, mọ́sálásí wo lẹ̀ ń kọ́?”

Mo ní, “Ó wà nínú igbó.”

“Àlùbáríkà! Ẹ gba ọ̀kan sí i, mo fi ṣe sàárà.”

Ní ìdájí, mo tò wọ́n sábẹ́ ayìn tó tóbi jù, mo gbé òkúta ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà náà kò gùn tó lójú mi, mo bá fi bútà ilé wa kún un. Mo wá da omi sílẹ̀ níwájú òkúta kọ̀ọ̀kan, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹsẹ̀ tán. Mo lọ lúgọ sẹ́yìn ògán.

Àwọn eléèédú dé pẹ̀lú ariwo. Nígbà tí wọ́n rí bútà, ariwo náà kú. Sìgbọnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀.

“Omi yìí ṣì tutù,” ló wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọ tuntun.

Èmi kò fẹ́ ṣe ju ìyẹn lọ. Àmọ́ ekuru ògán wọ̀ mí nímú, mo sín. Ẹnu mi kò dúró gbọ́ tèmi, ó ní, “Alhamdulilahi.”

Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, “Yarahamukallahu,” gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wa láti kékeré, kó tó rántí pé òun kò rí ẹni tó sín.

Wàláí, mo ti rí ẹni tó sáré rí, àmọ́ n kò tíì rí ẹni tó fi bàtà sílẹ̀ lójú kan náà kó máa sá lọ bíi pé bàtà náà ló ń lé e. Wọ́n ya fọ́tò bútà náà kí wọ́n tó sá o! Ará ayé òde òní: bí ikú ń bọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yà á. Wọ́n gbé e sórí Wátsáàpù. Kí ìtàn náà tó dé àdúgbò Post Office ní Ìlọrin, àwọn àlùjọ̀nnú ti ní lèmọ́mù tó ga ju òpó iná lọ. Ẹnì kan sọ ọ́ fún mi nínú kẹ̀kẹ́, ó sọ ọ́ débi pé ẹ̀rù ba èmi gan-an.

Igbó sinmi. Ọ̀bọ padà. Inú mi dùn títí ọyẹ́ fi dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ la máa ń ro ọ̀nà iná. A ó ro gbogbo koríko etí igbó kúrò yípo, kí iná tí àwọn ọlọ́dẹ ọ̀yà bá ti sun pápá má baà rí nǹkan jẹ wọlé. Bí a kò bá ro ó, igbó tán nìyẹn. Àwọn lébìrà tó máa ń bá wa ro ó wá, wọ́n jókòó sábẹ́ igi tó jìnnà, wọn kò mú ọkọ́.

Olórí wọn ní, “Bàbá Onífèrè, ẹ má bínú. A ò débẹ̀ mọ́.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ tún ń bi wá? Jàmáà tó wà níbẹ̀ ńkọ́?”

“Wọn ò sí nílé. Wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà.”

“Iléyá ti lọ tipẹ́, Bàbá.”

“Úmúrà ni.”

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, “Gbogbo wọn? Wọn ò fi ẹnì kankan sílẹ̀ kó ṣọ́lé?”

N kò ro ti ìyẹn tẹ́lẹ̀. Mo ní, “Wọ́n fi arúgbó kan sílẹ̀, àmọ́ kò gbọ́ràn dáadáa.”

“Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí kò gbọ́ràn! Bí a bá wá ṣẹ̀ ẹ́, ta la ó bẹ̀?”

Èéfín ti ń rú ní apá òkè. Koríko gbẹ débi pé ènìyàn ń bẹ̀rù láti wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irọ́ tí mo fi gba igbó lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ fà á lé iná lọ́wọ́ yìí, n kò sì rí òmíràn pa.

Ibi tí a wà nìyẹn tí ìyàwó mi fi gbé oúnjẹ mi dé. Lébìrà kan fẹ́ là á lóye, ó na fóònù sí i pé kó fojú ara rẹ̀ rí bútà àwọn àlùjọ̀nnú. Ó wò ó. Ó tún un wò.

“Bútà mi nìyẹn.”

“Ìyá, wọ́n á ti jí i gbé ni.”

“Jí i gbé? Ẹni tó ń kírun, tó tún ń jalè? Irú mùsùlùmí wo nìyẹn?”

Ó yíjú sí mi. Mo yíjú sí òkè. Ó gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wọ igbó lọ. Àwọn lébìrà bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ayatul Kursiyyu wúyẹ́wúyẹ́. Èmi náà ń kà á, àmọ́ tèmi kì í ṣe nítorí àlùjọ̀nnú.

Nígbà tó jáde, ó ti fi ìborùn di gbogbo bútà náà pọ̀. Ó dà wọ́n sílẹ̀ níwájú mi.

“Lèmọ́mù, bútà yín nìyí. Tèmi ti wà lọ́wọ́ mi.”

Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yí lulẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mú ọkọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá, olórí wọn á bi mí pé ṣé arúgbó tí kò gbọ́ràn ti jẹun.

Iná náà kò dúró kí a parí. Ó dé ní ọ̀sán, ó ń pariwo bí ọkọ̀ àjàgbé. Abúlé tú jáde pẹ̀lú ẹ̀ka igi tútù, a ń lù ú. Ní ibi tí a ti ro, ó na ọrùn, ó wò, kò rí nǹkan jẹ, ó kú. Ní igun kan tí a kò tíì dé, ó fò wọlé, ó jẹ àwọn igi kéékèèké tí a gbìn lójò tó kọjá, gbogbo wọn pátá. N kò ní àsọdùn kankan láti fi kún ìyẹn. Àmọ́ orísun odò kò jó. Ayìn ńlá kò jó.

Kò pẹ́ tí sìgbọnlẹ̀ fi gun ọ̀kadà wá sílé mi.

“Bàbá, mo gbọ́ pé àwọn èèyàn yín ti kó kúrò nínú igbó.”

“Wọ́n ti kó lóòótọ́.”

“Ta ló wá wà níbẹ̀ báyìí?”

Lẹ́yìn ilé, ìyàwó mi ń bá ewúrẹ́ kan jà nítorí èèpo iṣu. Mo ní, “Ẹni tó lé wọn ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́tí sí ohùn ẹ̀yìn ilé díẹ̀. Ẹ̀rín náà dínkù, ó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà.

Ẹ má rò pé ó jáwọ́ o. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ló ń gbà wọlé. Nígbà mìíràn mo ṣì ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mo sì ń sáré tọ̀ ọ́ pẹ̀lú bàtà mi tí kì í ṣe ọmọ ìyá. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, ìyàwó mi a máa bá mi yípo igbó, igi ìrokà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń bá mi ṣọ́ igbó. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ́ igbó, èmi ni òun ń ṣọ́.