Ẹṣin Kan Náà

Bí òórùn káńfọ̀ bá kọlù mí nímú, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì àdúgbò wa ní Mówe ni mo máa ń rántí, torí inú àpótí aṣọ Mọ́mì ni Dádì ń tọ́jú ṣẹ́ẹ̀sì wọn sí.

Gbogbo Sátidé ni Tíṣà, aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, máa ń na Dádì nínú ayò yìí lórí fàráńdà wa. Ẹṣin apá ọ̀tún ni Dádì máa ń kọ́kọ́ gbé ṣáá.

Lọ́jọ́ ìdíje, Dádì àti Tíṣà ló jọ pàdé ní àṣekágbá. Fáànù ni ẹ̀bùn, tiwa sì ti bàjẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹṣin yẹn lónìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e.

"Bàbá Bùkọ́lá, ẹṣin yín náà tún nìyí!" Tíṣà ń mu sóbò tútù, ó ń ta ayò tirẹ̀ láìronú. Mo dijú, mo ń gbàdúrà. Àfi bí Dádì ṣe gbé ayaba gba ibi tí wọn ò gbà rí. Tíṣà gbé ife sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ọba rẹ̀ ṣubú, ó gbà pé Dádì ti na òun.

Mo rò pé àdúrà mi ló gbà. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìdẹ ni gbogbo ayò tí Dádì pàdánù lórí fàráńdà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, fáànù tuntun ń fẹ́ sí wa lára. Dádì tún gbé ẹṣin kan náà. Tíṣà tẹjú mọ́ ọn títí sóbò rẹ̀ fi gbóná.