Eyín Tó Gbààwẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀fà, eyín mi ni ìyá bàbá mi fi ń ta èlùbọ́ nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná, tí wọ́n wá sá sórí àpáta, eyín ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ti tó dì sápò. Bí ó bá ró kà lábẹ́ eyín, ó ti gbẹ. Bí ó bá tẹ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ìyá kì í fi nǹkan kan ẹnu tí ó bá ń gbààwẹ̀, nítorí náà èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kì í gbààwẹ̀ ló máa ń pè.

Gbogbo obìnrin àdúgbò wa ló ń kó tiwọn pọ̀ mọ́ ti Ìyá, rélùwéè á gbé e lọ fún oníbàárà kan ní Èkó. Orúkọ Ìyá nìkan ni oníbàárà yẹn mọ̀.

Ní ọdún kan, àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé alájẹkì ni mí. Ni mo bá gbààwẹ̀ lọ́jọ́ kan, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá gbé èlùbọ́ lé mi lọ́wọ́. Mo kẹ̀yìn sí i, mo ṣe bí ẹni ń rún un lẹ́nu, mo ní, "Ó ti gbẹ, Ìyá." Ó ní Ọlọ́hun á bá òun wò mí.

Kò pẹ́ tí àwọn àpò náà fi padà dé láti Èkó. Èlùbọ́ ti bu, ó hu funfun, ó ń rùn. Oníbàárà kọjú sí ìlú mìíràn, àwọn obìnrin náà sì tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ Èkó, kò padà mọ́. Ìyá kò bi mí léèrè rí. Ohun tó ń sọ fáráyé ni pé ọjọ́ ogbó ti dé, òun kò mọ èyí tí oòrùn ti gbẹ mọ́. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ló kú sí, n kò sì lẹ́nu láti sọ òtítọ́. Ó ń dùn mí gan-an.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní pólì ló tún gbé èlùbọ́ dé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Nǹkan bíńtín kan wà nínú rẹ̀, kò tó hóró ìrẹsì, òun ló ń mọ omi inú èlùbọ́. Òkè òkun ni bíńtín yẹn ti ń wá, ṣùgbọ́n Ọ̀fà níbí ni wọ́n ti ń to ẹ̀rọ náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí àwọn ọ̀dọ́ tí ì bá ti sá lọ Èkó ti ń jẹun báyìí. Àwọn obìnrin Ijagbo àti Ilemona nítòsí wa náà ti ń béèrè fún un. Iléeṣẹ́ oníyẹ̀fun ńlá kan wá gbà láti máa ra èlùbọ́ àwọn obìnrin wa, àmọ́ wọ́n ní bí àpò kan péré bá bu, ó parí nìyẹn.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá ni ọkọ̀ wá kó o fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tan iná pupa sí àpò kan. Alhaja tó jẹ́ alága àwọn obìnrin wa ń gbààwẹ̀, kò lè jẹ ẹ́ wò, ọwọ́ ló fi ṣẹ́ ẹ.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé páálí ìṣáná ló máa kọ́ mi ní èlùbọ́? Ó ti gbẹ!"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Dókítà ti ní n kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́ nítorí oògùn tí mò ń lò, ni mo bá nawọ́.

"Alhaja, ẹ fún mi kí n tọ́ ọ wò."

Mo gbé e sáàárín ìwọ̀nba eyín tó ṣẹ́ kù fún mi. Ó tẹ̀.

"Ẹ má bínú, Alhaja. Kò tíì gbẹ."

Ni mo bá bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé eyín ló ń dùn mí. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ ohun tí mo fi ṣe Ìyá. Alhaja fúnra rẹ̀ ló gbé àpò náà padà sínú oòrùn.

Ayé ti yí padà o, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tiwa, eyín ọmọ kan ló gbé oúnjẹ odidi àdúgbò dání. Lónìí, nǹkan tí èémí lè fẹ́ lọ ló gbé e dání, kì í gbààwẹ̀, kì í sì í tijú ẹgbẹ́. Ọmọ ọmọ mi ní kí n sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ. Orúkọ Ìyá ni mo sọ ọ́, òun ni wọ́n ń tẹ̀ sára gbogbo àpò tó ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde. Kò tíì sí ọ̀kan tó padà wá.