Páásíwọ́ọ̀dù Tí Mo Ní Mo Gbàgbé

Títí dòní, bí mo bá rí sálúbàtà lẹ́nu ọ̀nà, ojú máa ń tì mí. Àlàájà tá a jọ ń gbélé ní Sango kì í wọ bàtà wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ní kí n fún àwọn ní páásíwọ́ọ̀dù Wáífáì mi, káwọn lè máa rí ọmọ-ọmọ àwọn lórí fóònù, ahun mú mi purọ́.

“Mo ti gbàgbé ẹ̀, mà.”

“Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ta ni kì í gbàgbé?”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún bọ́ sálúbàtà sẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n ti bi ọmọ wọn léèrè ohun tá a lè ṣe. Wọ́n dojú ráútà mi bolẹ̀, wọ́n nàka sí ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀.

“Òun nìyí! Tètè kọ ọ́ sílẹ̀, kíṣẹ́ ẹ má bàa dúró.”

Wọn ò tiẹ̀ mú fóònù tiwọn dání.